Àbẹ̀kẹ́, Ta Ló Ní Ewì Wa Kò Ní Ìwọ̀n?

Àbẹ̀kẹ́, gbé tẹlifóònù yẹn sílẹ̀, kí o fa àpótí yẹn súnmọ́ mi. Máa jẹun lọ. Etí rẹ ni mo fẹ́ yá, n kò tíì ní kí o la ẹnu. Mo ti ka iṣẹ́ tí o fẹ́ gbé lọ fún ọ̀gá yín ní yunifásítì Calavi. Faransé inú rẹ̀ dùn ún kà, n kò ní í purọ́ mọ́ ọ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà ní ìlú yìí, ọmọ tó ń kọ ọ́ báyìí kò pọ̀. Inú mi ń dùn lọ títí mo fi dé ojú ewé kẹta. Níbẹ̀ ni mo bọ́ awò ojú mi, mo fi etí ìró nù ún, mo tún gbé e sójú, nítorí mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Ojú kò ṣe mí. O kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ewì Yorùbá kò ní mètre.

Kò ní kín ni?

Má rẹ́rìn-ín, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ọmọ Ìfọ̀nyìn, tí ìjọba ń kọ ní Ifangni, ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ kò lè kí ènìyàn ẹ kú àárọ̀ kó má ki onítọ̀hún dé orírun, òun ló jókòó sí Calavi tó ń sọ fún àlejò pé ọ̀rọ̀ wa kàn ń tú jáde bó ṣe wù ú, pé ìlù ló ń bá wa tò ó. Bí ìyá náà bá wà láyé kó gbọ́ èyí, èmi ni yóò bi pé irú oúnjẹ wo ni mo ń fún ọ jẹ.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá bá ọ. Faransé fi orúkọ kan ṣoṣo pe nǹkan méjì. Mètre ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ àti ilẹ̀, mètre náà sì ni ìwọ̀n ìlà ewì. Ọwọ́ àwọn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìwọ̀n náà ni wọ́n ń fi í pè. Ti ewì ti pẹ́ gan-an. Ti ọ̀pá ni kò pẹ́: ọdún 1791 ni àwọn ọ̀mọ̀wé Paris pinnu pé kí wọ́n mú ọ̀nà tó ti ìkángun àríwá ayé dé agbedeméjì ayé, kí wọ́n pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù mẹ́wàá, kí ìpín kan máa jẹ́ mítà kan. Delambre àti Méchain bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ilẹ̀ láti Dunkerque lọ sí Barcelona ní 1792. Rògbòdìyàn bá wọn lójú ọ̀nà, wọ́n tilẹ̀ mú wọn pé bóyá amí ni wọ́n. Ó di 1799 kí ọ̀pá tí wọ́n rọ tó délẹ̀ ní Paris. Nígbà tó yá, ọ̀pá náà kò tún tó wọn mọ́. Láti 1983, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ mítà: ibi tí ìmọ́lẹ̀ rìn dé bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 299,792,458 tí a sì mú ìpín kan. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n! Kò sì sí ẹni tó dìde pé Faransé kò ní ìwọ̀n.

Alexandrin ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀yin náà, àbí? Òun náà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ mi ní kíláàsì. Sílébù méjìlá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà, kí èémí dúró díẹ̀, mẹ́fà tó kù. Orúkọ Alẹkisáńdà ni wọ́n fi sọ ọ́, láti inú ìtàn ọba náà tí wọ́n fi ewì kọ ní ọ̀rúndún kejìlá. O rántí bí lẹ́tà e tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa ń dà wá láàmú: tí kọ́ńsónáǹtì bá tẹ̀ lé e, a ó kà á, tí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé e, a ó gbé e mì. Tọ́jú èyí sápò, a máa padà wá mú un.

Ẹ̀sùn tí mo fi kàn ọ́ nìyí. O gbé ọ̀pá alexandrin, o fi wọn òwe àti oríkì, kò bá a mu, o wá sọ pé ohun tí o ń wọ̀n ni kò ní ìwọ̀n. Ìwọ tí o dàgbà sábẹ́ ìsọ̀ aṣọ! Ta ló máa ń bá mi di ankárá ní ọjà Igolo nígbà ìsinmi? O rí i níbẹ̀ lójú ara rẹ. Oníbàárà tó bá ti Ìdírókò wọlé a ní ọ̀pá mẹ́fà ni òun fẹ́, yáàdì ló ń wí. Èyí tó bá ti Àjàṣẹ́ wá, tó kàwé díẹ̀, a ní mítà mẹ́fà. Ọ̀pá mẹ́fà kò tó mítà márùn-ún ààbọ̀, mítà 5.49 péré ni. Ohun tó wà láàárín ẹni méjèèjì lé ní ìdajì mítà, ó sì tó gèlè fún ọmọdé. Ìyẹn ni àwọn aya rere ṣe máa ń pariwo lé mi lórí pé mo yọ́ aṣọ wọn gé. Mi ò yọ́ nǹkan kan gé. Ọ̀pá ni wọ́n fi rà, mítà ni wọ́n gbé délé lọ fi wọ̀n ọ́n.

Ta ló fi wá sínú ìyẹn? Ọjọ́ 10 oṣù Ògún ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, wọ́n fa ìlà kọjá láàárín ilẹ̀ wa. Àwọn Ìfọ̀nyìn kan bọ́ sábẹ́ Faransé, àwọn Ìfọ̀nyìn kan bọ́ sí apá Ìpókíá lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́hùn-ún wọ́n kọ́ wọn ní yáàdì, pọ́n-ùn àti máìlì. Níhìn-ín wọ́n kọ́ wa ní mítà àti kílò. Ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n ń fẹ́ra wọn, tí wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ní ọ̀pá méjì lọ́wọ́. Àwọn àgbà tó ti wà níbẹ̀ kí ìlà náà tó dé kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó máa wọn nǹkan. Ebè ni bàbá bàbá rẹ fi ń mọ oko rẹ̀, igba ebè lọ́nà mélòó, ó sì mọ iye alágbàṣe tí yóò pè. Igbá ni ìyá rẹ̀ fi ń ta gàrí. Owó ẹyọ ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbẹ̀wá, ẹgbẹ̀wá mẹ́wàá kún àpò, ìyẹn ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó lè ka ogún ẹgbẹ̀rún ẹyọ láì ní bébà, ṣé òun ni kò ní í mọ iye tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe?

Ó dáa. Mú ọwọ́ rẹ wá. Fi ọbẹ̀ yẹn nù kúrò lára rẹ̀ ná. Òwe tí o fi ṣe àpẹẹrẹ ni ká mú, èyí tí o ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni: Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ka apá kìn-ín-ní lórí ìka. À, gbà, kì, í, wà, lọ́, jà. Mélòó? Méje. Ka apá kejì. Kó, rí, ọ, mọ, tun, tun, wọ́. Mélòó?

Ẹn-hẹ́ẹ̀n. Dákẹ́ ná, kò tíì tán. O mọ dò, re, mí tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní ohùn: ìsàlẹ̀ ni dò, àárín ni re, òkè ni mí. Fi wọ́n pe apá kìn-ín-ní. Dò dò dò mí dò mí dò. Wá re níbẹ̀. Wá a dáadáa. Kò sí. Pe apá kejì. Mí mí re re re re mí. Wá dò níbẹ̀. Kò sí níbẹ̀ rárá. Apá kan sílébù méje láìsí ohùn àárín, apá kejì sílébù méje láìsí ohùn ìsàlẹ̀. Èkínní ń gbọ̀n sókè sódò bí ọjà ṣe máa ń rí, èkejì lọ tààrà. Bí o bá rí alexandrin tó tò ju èyí lọ, gbé e wá fún mi.

Ìwọ wá lọ kọ ọ́ nínú iṣẹ́ rẹ ní “ki ori”. Mo rí i! O tú u sílẹ̀ kí ó lè dà bí gírámà. Méje ti di mẹ́jọ lọ́wọ́ rẹ. Àwọn tó pa òwe yìí kò ṣàdédé gbé fáwẹ̀lì náà mì, wọ́n ti ọ̀rọ̀ pọ̀ kí apá náà lè bá ẹnìkejì rẹ̀ dọ́gba. E tí Faransé ń gbé mì nìyẹn o, tí mo ní kí o tọ́jú sápò. Lọ́dọ̀ Faransé o pè é ní ọgbọ́n akéwì; lọ́dọ̀ ìyá rẹ o pè é ní àìkọ́rọ̀dáadáa. Mo máa fa etí rẹ lónìí.

Jẹ́ ká mú òmíràn, kí o má baà sọ pé Tantí ṣa èyí tó wù ú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kà á. Mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án. Wàyí o, fetí sí ìparí wọn. Pẹpẹ, re re. Kèrègbè, dò dò dò. Pẹpẹ wà lókè, kèrègbè ni ọwọ́ ń wọ̀ sísàlẹ̀. Àní nínú apá àgbàlagbà yẹn látòkè délẹ̀, kò sí mí kankan, ohùn òkè kò débẹ̀. Ọmọdé ń nàgà, àgbà ń wá nǹkan nínú ihò, ohùn sì ń bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́. Ta ló jókòó ṣètò rẹ̀? Kò sí orúkọ ẹnì kan lórí rẹ̀. Ẹnu púpọ̀ ló ti yí i mọ́ra, èyí tí kò bá dọ́gba ti já bọ́ lójú ọ̀nà.

N kò ní kí o lọ kọ ọ́ pé gbogbo òwe ló dọ́gba báyìí o. Mo mọ̀ ọ́, o máa fò láti òpin kan lọ sí òpin kejì. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, mẹ́fà. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, mẹ́fà. Òwe la fi ń wá a, méje. Ó fi ènì kan sí i bí oníṣòwò tó mọ oníbàárà rẹ̀. Òmíràn wà tí apá kan gùn gbọọrọ tí èkejì kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, tí ó sì wọ etí. Ìjálá ọdẹ kò fi sílébù ṣe gbèsè rárá, èémí ọdẹ ló ń já ìlà. Ẹsẹ Ifá ní ètò tirẹ̀, ẹni tó dá a, ẹni tó dá a fún, ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ìgbà tó ṣe é tàbí tí kò ṣe é. Ibi tí o ti tọ̀nà ni pé a kì í ka iye kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ewì dé òpin. Ibi tí o ti ṣìnà ni pé o rò pé iye sílébù nìkan ni ìwọ̀n. Ohùn la fi ń wọ̀n ọ́n, Àbẹ̀kẹ́. Gbólóhùn á tún ara rẹ̀ wí, ọ̀rọ̀ kan á yí padà, ohùn ìparí á bọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀, etí á sì gbọ́ pé ilé ti kún. Adébóyè Babalọlá gbé ìwé ńlá jáde lórí ìjálá ní 1966. Ọlátúndé Ọlátúnjí gbé tirẹ̀ jáde lórí ewì alohùn Yorùbá ní 1984, ó ya ìṣọwọ́-lo-ohùn yìí sọ́tọ̀, ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Èwo ni o kà nínú méjèèjì kí o tó dájọ́? Má wo ilẹ̀. Wo mí.

Ohun tó tún dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Gbogbo òwe tó wà nínú iṣẹ́ rẹ, kò sí àmì ohùn lórí ọ̀kan ṣoṣo. “Agba ki i wa loja.” Kí nìyẹn? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ máa fi tẹlifóònù kọ Faransé, ẹ ó wá gbogbo àmì kékeré orí é àti è títí ẹ ó fi rí i, nítorí tíṣà á gé máàkì yín. Tó bá kan Yorùbá, ẹ ó bọ́ ọ síhòòhò. O bọ́ ohùn kúrò lára òwe, ohùn sì ni ìwọ̀n rẹ̀, o wá pe ọ̀gá rẹ wá wò ó pé kò ní ìwọ̀n! Olórí burúkú ni òwe ì bá máa pè ọ́ bó bá lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé èwo la fi ń kọ ọ́ o. Níhìn-ín ní Benin wọ́n kọ́ yín ní ɛ àti ɔ, lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà ẹ àti ọ ni. Ọ̀kan náà ni mo kà wọ́n sí, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmì orí wọn ni kó má sọnù.

Bu omi mu, kí gàrí má baà há ọ lọ́rùn.

Orúkọ rẹ ńkọ́? Mo ń pè ọ́ láti àárọ̀, ìwọ kò fetí sí i. À-bẹ̀-kẹ́. Dò, dò, mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ Àdùkẹ́, dò, dò, mí. Àṣàkẹ́ tó wà ní Sákétẹ̀, dò, dò, mí. Bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin: Àjàní, Àlàbí, Àkànbí, Àrẹ̀mú, Àyìndé, Àdìgún. Pè wọ́n tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Ìlù ni o ń lù yẹn. Àníkẹ́ àti Àjọkẹ́ yí ohùn àárín padà díẹ̀, síbẹ̀ sílébù mẹ́ta náà ni, dò ló bẹ̀rẹ̀, mí ló parí. Oríkì tí a fi ń gé ọmọ níwọ̀n báyìí ni, bó bá ti jẹ́ ọmọ tuntun nínú àkísà. Ṣé èèṣì ni gbogbo ilé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ṣe, tí wọ́n fi bá ara wọn lórí dò, dò, mí? Kí ni o rò pé a ń fi pè ọ́ tí inú rẹ fi máa ń rọ̀, tí o fi máa ń dá mi lóhùn kíákíá ju ìgbà tí mo bá pe orúkọ ìwé rẹ lọ?

Ìwọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé o kì í wo ìwé orin tó wà lọ́wọ́ rẹ ni? Àwọn lẹ́tà kéékèèké orí orin kọ̀ọ̀kan, C.M., L.M., S.M., kí ni o rò pé wọ́n jẹ́? Mètre tí o ń wá ni. C.M. ni sílébù mẹ́jọ, mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́fà. L.M. ni mẹ́jọ ní ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. S.M. ni mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́fà. Ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kan lè gbé orin mìíràn bí iye wọn bá ti bára mu. Àwọn òyìnbó oníwàásù àti àwọn ọmọ wa tó bá wọn túmọ̀ orin jókòó, wọ́n ka sílébù Yorùbá kó lè pé iye. Ó pé! Máa dáhùn: kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i? Ohùn orin gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀. Igbá di ìgbà lẹ́nu akọrin, ìgbà di igba. Àwọn ìyá àgbà ń fi tọkàntọkàn kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀. Sílébù pé, ìwọ̀n fọ́ yángá. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù nìyẹn pé iye nìkan kò gbé ewì Yorùbá. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní kàtídírà Lagos fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí i pé kò dára bẹ́ẹ̀; ó kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì ń ṣe orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọmọ ìjọ tó bá kọ irú orin bẹ́ẹ̀ máa ń mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé nǹkan ti bọ́ sípò, bí kò tilẹ̀ lè ṣàlàyé.

Bàbá mi ní tirẹ̀ wà nílé kéwú, ẹ̀yin ọmọ kò tún fẹ́ gbọ́ ti ìyẹn. Lárúbáwá náà ní ìwọ̀n ewì. Al-Khalil ọmọ Ahmad ní ìlú Basra, ní ọ̀rúndún kẹjọ, to ìwọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀, ọ̀kan tún wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ìró òòlù àwọn alágbẹ̀dẹ lọ́jà ló gbọ́ tó fi ronú kàn án. Òkun ni wọ́n ń pe ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ilé ni wọ́n ń pe ìlà, okùn àti èèkàn àgọ́ ni wọ́n ń pe ègé inú rẹ̀. Bàbá mi a ní ẹni tó bá sọ pé ewì Yorùbá kò ní ìwọ̀n, kó lọ gbọ́ wákà kó tó sùn. Ẹ̀rù ewì Lárúbáwá kò ba àwọn tó ń kọ wákà, wọn kò sì gbé ilé àgọ́ wọn wọlé. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n fi ohùn tiwa gbé e.

O ní ìlù ló ń bá wa to ọ̀rọ̀. Kò burú, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìlù. Gbọ́ agogo tí wọ́n máa ń lù nígbà tí ìlù bá kún, kónkóló. Pín in sí ìṣísẹ̀ méjìlá. Méje ni igi máa kan agogo, márùn-ún ni kò ní í kàn án. Méjìlá, Àbẹ̀kẹ́! Iye tí alexandrin rẹ ní, àmọ́ àwọn yẹn pín tiwọn ní mẹ́fà mẹ́fà, tiwa lọ́ sọ́tùn-ún sósì, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àlejò fi máa ń pàtẹ́wọ́ síbi tí kò yẹ. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Kúbà, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń lù ú níbẹ̀ dòní. Wọ́n gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọn kò rí ìyẹn gbà.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ńkọ́? UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò, wọ́n sì fi í sínú àkójọ wọn ní 2008. Wọ́n ń sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ojú rẹ ti rí i, etí rẹ ni kò ì dé. Nígbà míì tí wọ́n bá gbé e jáde, má wo igi orí wọn nìkan, má sì máa ya fọ́tò. Wo ẹsẹ̀. Ìyáàlù á sọ gbólóhùn, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ o, dò àti re àti mí inú òwe gan-an ló ń lù. Ṣaworo ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì parí lójú kan náà. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ ju ìlù lọ bíńtín, gbogbo ìyá tó jókòó á hó lé e lórí. Àwọn ìyá wọ̀nyí kò dé Calavi. Kí ni wọ́n fi mọ̀ pé ó ṣì í? Bí nǹkan kò bá ní ìwọ̀n, ṣé ènìyàn lè ṣì í? Dáhùn, àyè ti wà fún ẹnu rẹ wàyí.

Mo ṣebí bẹ́ẹ̀. Kí ìlù tó lè bá wa to ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni ìlù ń kọ́.

N kò bá Faransé jà, má lọ sọ pé Tantí ní kí o sun ìwé wọn. Alexandrin dára, mo fẹ́ràn rẹ̀, mo ṣì lè ké àwọn tí wọ́n fi ẹgba kọ́ mi ní kékeré. Kọ́ ọ dáadáa, kí o gba ìwé ẹ̀rí rẹ. Bí o bá fẹ́ sọ ìyàtọ̀, sọ ọ́ bí ọmọ tó mọ ilé méjèèjì: Faransé ka sílébù, Yorùbá lè kà á tàbí kó má kà á, ṣùgbọ́n ohùn kò gbọ́dọ̀ ṣìnà. Fi àgbà tó wà lọ́jà gbè é lẹ́sẹ̀, méje àti méje, kí o kọ dò, re, mí sábẹ́ rẹ̀ ní kedere kí ọ̀gá rẹ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i, pàápàá bí kò bá gbọ́ èdè wa. Fi orúkọ rẹ kún un. Mú ìwé Ọlátúnjí, kà á kí o tó tọ́ka sí i, torí mo mọ̀ yín.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ, òní ni Jímọ́, àyè ṣì wà. Fọ àwo yẹn, nu ọwọ́ rẹ, kí o gbé ìwé náà wá síwájú mi. Ojú ewé kẹta la ti máa bẹ̀rẹ̀, a ó fi àmì ohùn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, o kò sì ní í sùn lónìí títí a ó fi parí rẹ̀.